Ẹ Dá Oòrùn Dúró Lórí Òrùlé Kí Ẹ Tó Ra Kílíìmù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ̀wé. Ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá méjì àti pálọ̀ ni ọkọ mi kọ́, páànù la fi bò ó, a ò tíì ṣe àjà. Láti oṣù kejì la ò ti lè sùn nínú ilé mọ́. Àwọn ọmọ ń tẹ́ ẹní síta, ẹ̀fọn sì ń jẹ wọ́n. Ìyá ọkọ mi tí a mú wá sọ́dọ̀ ti padà sí ilé alámọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní òun kì í ṣe ẹja yíyan. Ọkọ mi ti rí kílíìmù (ẹ̀rọ amúlétutù) tòkúnbọ̀ kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan, ó ní kí n mú owó àjọ mi wá ká fi rà á sí yàrá wa. Ó tún ní tó bá yá òun á wó ilé alámọ̀ yẹn, òun á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Ṣé kí n mú owó náà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ooru yìí o, arábìnrin mi. Ẹ má tíì mú owó àjọ yẹn sílẹ̀. Ìyá ọkọ yín jàre. Ọkọ yín náà ò jẹ̀bi, torí ó fẹ́ kí ara tu aya àtọmọ. Ibi tó fẹ́ kó owó lé ni mi ò fara mọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé yín náà ni mo fẹ́ ká wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kétu ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, bí ìwọ̀n 7 péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wo ilé lọ́sàn-án, orí ló ti ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, á dúró ṣánṣán sí àárín orí, òjìji ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lásìkò bẹ́ẹ̀, ibi tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan lórí páànù ń gba nǹkan bí 1,000 wáàtì lára oòrùn. Yàrá tó jẹ́ mítà 3 sí mítà 4 ní irú ibẹ̀ méjìlá lórí, 12,000 wáàtì nìyẹn. Kílíìmù ẹṣin kan tó ṣì tuntun, tí ara rẹ̀ sì dá, kì í kó ju nǹkan bí 2,600 wáàtì ooru jáde nínú yàrá lọ. Kì í ṣe gbogbo 12,000 yẹn ló ń wọlé o. Páànù ń dá apá kan padà, atẹ́gùn ìta sì ń gbé òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n páànù tó ti dípẹtà ń gba púpọ̀ mọ́ra, ó lè gbóná kọjá 60°C, bí kò bá sì sí ohun tó bò ó lábẹ́, orí ènìyàn, orí ibùsùn àti ara ògiri inú ló ń da ooru náà sí. Bí ọmọ bá ń sun oorun ọ̀sán lábẹ́ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irun orí rẹ̀: á gbóná ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní òru lẹ kì í lè sùn, oòrùn sì ti wọ̀ nígbà yẹn. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lálẹ́ òní, ní bí aago mẹ́sàn-án, kí ọkọ yín gun àga kó fọwọ́ kan páànù. Ó ti tutù. Páànù fẹ́lẹ́, kò lágbára àtipa ooru mọ́, kì í pẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ tó fi máa ń dà á nù. Kó wá sọ̀kalẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, láti inú yàrá, kó fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀ lára ògiri ìlà oòrùn. Yóò mọ ìyàtọ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ooru tó bá kan ẹ̀yìn ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń rin ìrìn wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó dé inú. Oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lu ògiri yín níta, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń bá yín nínú yàrá, nígbà tí ẹ ń tẹ́ ibùsùn. Ẹ wá fi èyí tí páànù ti dà sórí ilẹ̀, sórí mátírẹ́ẹ̀sì àti sára ògiri inú láti àárọ̀ kún un. Òru ò dá ooru kankan sílẹ̀ níbẹ̀, gbèsè ọ̀sán lẹ ń san.

Ilé tí ìyá sá lọ bá ńkọ́? Ògiri amọ̀ àtijọ́ sábà máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ooru ọ̀sán lè lo wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ púpọ̀ kó tó yọ sínú. Ìgbà tó bá fi máa yọ, ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ, ìta ti tutù, ìwọ̀nba ooru yẹn ò sì ni ẹnikẹ́ni lára. Nígbà ọyẹ́ gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí òtútù ìdájí pa àgbàlagbà. Ìlú yín ò ṣàjèjì sí iṣẹ́ amọ̀: odi amọ̀ ni wọ́n mọ yí Kétu ká láyé ogun, Akaba Ìdènà, ẹnubodè odi náà, sì wà níbẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ wo bí ògiri ṣe ń nípọn. Mi ò ní kí ẹ padà sí ilé alámọ̀ tó ṣókùnkùn, tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ojú ihò lọ, tí èéfín ìdáná ti sọ inú rẹ̀ di dúdú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orí kunkun ló gbé ìyá padà síbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí owó àjọ kọ́kọ́ lọ ni àjà. Bí owó ò bá ká gbogbo ilé, ẹ ṣe ti yàrá tí ẹ ń sùn sí, kí pálọ̀ dúró. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí káfíńtà ń kàn ló dára. Bí agbára ò bá ká a, ẹní tó nípọn tí wọ́n nà mọ́ igi dáadáa á ṣiṣẹ́, bí kò tilẹ̀ ní pẹ́ tó pákó. Ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í ṣe, tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró lé e lórí, ni ihò atẹ́gùn. Ààyè tó wà láàárín àjà àti páànù gbọ́dọ̀ lè mí. Kí bíríkìlà dá ihò sí orí ògiri níhà méjèèjì, lókè àjà, kó sì fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ bo ojú wọn kí àdán má bàa sọ ibẹ̀ dilé. Bí ibẹ̀ bá dí pa, ooru á kún un, àjà fúnra rẹ̀ á wá di ohun tó ń gbóná lé yín lórí ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Wáyà iná tó bá gba orí àjà kọjá, ẹ ní kí wọ́n kì í bọ inú páìpù, pàápàá bó bá jẹ́ ẹní lẹ lò. Eku fẹ́ràn ibẹ̀, eku sì fẹ́ràn wáyà.

Lẹ́yìn àjà, ọ̀dà funfun lórí páànù. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún òrùlé ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi. Òjò méjì péré, ẹfun ti ṣàn lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò. Òrùlé funfun tó mọ́ ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn padà, iṣẹ́ náà ò sì gbà ju òwúrọ̀ kan àti ẹni tí kò bẹ̀rù òkè. Àwọn kan á sọ fún yín pé páànù tuntun tó ń dán ti tó, pé kò nílò ọ̀dà. Dídán rẹ̀ ń dá oòrùn padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tó ń dán kì í tètè jọ̀wọ́ ìwọ̀nba ooru tó bá gbà mọ́ra. Funfun ṣì borí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń pọ́n ọ̀dà náà ní pupa, nítorí náà ẹ da omi sí i kí ẹ fọ̀ ọ́ tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, kí ooru tó dé.

Ògiri ìwọ̀ oòrùn, ìbòji ló ń fẹ́, kò sì ní kó yín lówó lọ. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sí i níta ní ọdún yìí, kí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Igi ńlá bíi máńgòrò, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀. Kò pọn dandan kí ìbòji kan ògiri. Ó sàn kó fi ààyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba àárín kọjá. Ní tèmi, mo gbà pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta wúlò ju yàrá kẹta tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sáré kọ́ lọ: ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣe fáàjì nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti kàwé, òun náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn rí ògiri.

Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ nípa fèrèsé, àmọ́ mo lè fọkàn wò ó: ọ̀kan ṣoṣo ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn sì ń dé mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò rí ọ̀nà jáde. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn wa ti ń wá, láti ọ̀dọ̀ òkun; ọyẹ́ nìkan ló ń ti àríwá àti ìlà oòrùn wá. Bí ẹ bá lè dá ojú ihò kan sókè ògiri tó dojú kọ fèrèsé, tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù onífèrèsé wẹ́wẹ́ dí i kí olè má lè wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná á rí ibi gbà jáde ní gbogbo òru. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ń dín atẹ́gùn kù, kò sí irọ́ níbẹ̀, ẹ má sì torí ẹ̀ yọ ọ́. Ibà burú ju ooru lọ. Ẹ kàn máa gbọn eruku rẹ̀ dànù déédéé, torí ihò tó ti dí kì í gbé nǹkan kan kọjá.

Fáànù wá ńkọ́? Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ó ń gbé òógùn ara gbẹ ni, gbígbẹ òógùn ló sì ń mú ara tutù. Lítà omi kan tó bá gbẹ lára ń gbé ooru tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta kílówáàtì-wákàtí kan (ìyẹn 1,000 wáàtì fún wákàtí kan) lọ. Nítorí náà, ẹni tó tan fáànù sí yàrá tí kò séèyàn ń fi iná ṣòfò lásán ni. Mọ́tò fáànù tilẹ̀ ń fi ooru díẹ̀ kún un. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìta ti tutù ju inú lọ, ẹ gbé fáànù sí ẹnu fèrèsé kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bó bá fi máa tó bíi wákàtí kan, yóò ti bá ògiri yín san díẹ̀ nínú gbèsè yẹn. Omi tún wà. Nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ afẹ́fẹ́, aṣọ tútù tí a ta sí ojú fèrèsé ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí omi inú amù ṣe máa ń tutù láìrí fìríìjì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin tí òjò ti ń kù, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, aṣọ tútù kan náà á sọ yàrá di ilé ìwẹ̀.

Ọ̀rinrin yìí náà ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ràn kan bá gbogbo ìlú wa mu. Níbi tí mo wà yìí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òógùn kì í fẹ́ gbẹ, atẹ́gùn nìkan ló lè gbà wá. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé wọn tó kù: àjà ga, fèrèsé ga tó ènìyàn, wọ́n sì fi pákó pẹlẹbẹ to ojú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí òjò ò fi lè wọlé, tí oòrùn ò lè wọlé, tí atẹ́gùn sì ń wọlé. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ń rí òpópónà, àwọn ará òpópónà ò rí i. Ó dùn mí pé a ń yọ wọ́n dànù, a ń fi gíláàsì tí kì í ṣí ju ìdajì lọ rọ́pò wọn. Ní Ṣàbẹ, níbi tí àpáta pọ̀ sí, ọ̀sán gbóná ju tiyín lọ, afẹ́fẹ́ sì gbẹ jù. Ògiri tó nípọn ló bá wọn mu jù lọ níbẹ̀. Kétu wà láàárín méjèèjì, torí náà ẹ nílò díẹ̀ nínú ọgbọ́n ìhín àti ti ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí kílíìmù, kí ọkọ yín má bàa rò pé mo ti gbàgbé tirẹ̀. Ẹṣin kan ń fa nǹkan bí 900 wáàtì nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Nínú yàrá tí kò lájà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò ní sinmi: afẹ́fẹ́ tútù wúwo, abẹ́ ilẹ̀kùn ni yóò máa gbà jáde, ti gbígbóná á sì máa gba abẹ́ páànù wọlé dípò rẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ òru, ó ti jẹ kílówáàtì-wákàtí 7 àti díẹ̀. Fáànù onídùúró ń fa bíi 60 wáàtì, wákàtí mẹ́jọ tirẹ̀ kò pé ìdajì kílówáàtì-wákàtí. Owó iná tí kílíìmù bá fi òru kan jẹ, fáànù lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ ẹ́. Ẹ mú ìwé iná SBEE (iléeṣẹ́ iná mànàmáná) yín wá, kí ẹ fi iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣe ìlọ́po ní ìṣojú ọkọ yín. Mi ò rò pé ẹ ó nílò àlàyé mìíràn.

Tòkúnbọ̀ tún ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ti gbó ń fa iná ju ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ yìí sì ń lo gáàsì R22, tí àdéhùn àgbáyé ti Montreal ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé kúrò lọ́jà nítorí ó ń ba ààbò tó wà lókè ọ̀run jẹ́. Ọdún 2030 ni wọ́n dá fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Bí gáàsì náà bá jò lọ́la, ẹ ó máa wá a kiri, owó rẹ̀ á sì máa gun òkè. Bí ẹ bá ti ṣe àjà, tí ẹ kun òrùlé, tí ooru ṣì ń da yín láàmú lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè ra tuntun tó ń dín iná kù fúnra rẹ̀, fún yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa. Ẹ fi sí 26 tàbí 27, kí fáànù máa rọra yí pẹ̀lú rẹ̀. Kò sídìí tí ènìyàn á fi sọ yàrá di 18 tí yóò wá máa fi kúbùsù bora. Kí ẹ máa fọ àṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Kí oníná yẹ wáyà ilé wò kó tó so ó mọ́ ọn, torí wáyà tó ń gbé gílóòbù lè má lè gbé kílíìmù.

Ìdáná nínú ilé, ẹ gbé e síta. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òtútù ni ẹ kò bi mí, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ọyẹ́ á dé ní oṣù Kejìlá. Àwọn kan máa ń gbé ìkòkò ẹyin iná wọ yàrá ìyá ìkókó tàbí ti àgbàlagbà, wọ́n á sì ti fèrèsé pa. Ẹ má ṣe é láé. Èédú tó ń jó nínú ibi tó dí ń tú èéfín olóró kan tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí. Ọmọ tuntun tí òtútù ń mú, kí ìyá rẹ̀ gbé e lé àyà láìsí aṣọ láàárín wọn, kí aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí fìlà wà lórí ọmọ. Ara ìyá ń mú ọmọ móoru, kò sì lè fún un pa.

Ó ku ilé alámọ̀ yẹn. Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kó má wó o. Kó jẹ́ kí ìyá máa sùn níbẹ̀ nígbà ooru, kí ẹ dá fèrèsé kejì sí i, kí ẹ so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ibùsùn rẹ̀. Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, òógùn rẹ̀ kì í sì jáde bíi ti ọ̀dọ́, nítorí náà ẹ máa gbé omi fún un láìdúró dìgbà tó bá béèrè. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lórí tí kò nídìí mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fi omi nù ún lára lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún ògiri náà ṣe, ẹ má fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Símẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀, wọn kì í wú, wọn kì í sì sún kì pa pọ̀. Símẹ́ǹtì á sán, omi á gba ojú sísán wọlé, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rà láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ, kí òrùlé yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60 kí òjò má bàa máa lu ògiri, kí wọ́n sì fi òkúta yí ìdí rẹ̀ ká, torí ibi tí omi òjò ti ń ta padà láti ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìyá á mọ ẹni tó ṣì mọ iṣẹ́ náà ṣe ní àdúgbò. Ẹ bi í kí ẹ tó wá bíríkìlà.